Ọdẹ́jìnmí àti Osùn Inú Ẹ̀gún

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé ejò, a jẹ́ pé ejò ń lé e. Ṣé ẹ ti bi wọ́n rí pé ta ni ejò ọ̀hún lé? Ọdẹ́jìnmí ni.

Lọ́dọọdún, tí iṣu tuntun bá jáde, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìlú wa máa ń sáré lọ sódò, wọ́n á sì sáré padà sójúde ọba. Ìyá arúgbó kan ní ń jókòó létí odò, tó ń fi osùn kun iwájú orí ẹni tó bá débẹ̀. Ẹni tó bá gbégbá orókè lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ó fi pe ọ̀nà odò. Ọdẹ́jìnmí ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá lóòótọ́, àmọ́ kò lè gbà kí ẹnikẹ́ni ṣáájú òun, ì báà ṣe nídìí oúnjẹ. Baba Ọ̀jẹ́làbí tó kọ́ ọ léré sísá sọ ọ́ títí: “Ẹsẹ̀ rẹ ti dàgbà, ìwà rẹ ló ṣì ń rákòrò.”

Lọ́dún kẹta, ó gbọ́ pé Bámgbàlà, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ń sáré gun òkè láràárọ̀. Ó mọ̀ pé ìyẹn lè ṣáájú òun. Ló bá di osùn tirẹ̀ sínú ewé, ó fi í há bàǹtẹ́. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ó dọ́gbọ́n rẹ̀yìn, ó yà sínú igbó ẹ̀gún tó wà lágbedeméjì ọ̀nà, ó kun iwájú orí rẹ̀ dáadáa, ó wá jókòó sórí ẹ̀ka igi kan, kó máa retí ìgbà táwọn yòókù máa padà bọ̀.

Ẹ̀ka igi náà bá sún.

Ọdẹ́jìnmí kò dúró kí i. Kò sáré bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé alágbẹ̀dẹ, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà, ló já sí, ẹ̀gún kún ara rẹ̀ bíi ti òòrẹ̀, ó sì dé ojúde ọba kí Bámgbàlà tó yọjú.

Baba Ọ̀jẹ́làbí, tó jẹ́ adájọ́, wò ó tòkè-tilẹ̀, ó ní kí ló gbé e dénú ẹ̀gún.

“Ejò ni mò ń lé, Baba. Mi ò fẹ́ kó bu ẹlẹgbẹ́ mi kankan jẹ.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Obìnrin kan tilẹ̀ nu omijé. Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí ejò fi yọ lẹ́yìn ilé alágbẹ̀dẹ, tó ń bọ̀ tààrà. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, akọni wa ti wà lórí igi ọsàn, ewé osùn sì já bọ́ síwájú Baba.

Alágbẹ̀dẹ fi òòlù pa ejò. Bámgbàlà dé, ó gbégbá orókè. Ojú ti Ọdẹ́jìnmí débi pé ó sunkún lórí igi, àmọ́ ó sọ̀kalẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún Bámgbàlà tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Baba ní ìwà náà ti dìde, ó ti ń kọ́ bí a ṣe ń rìn.

Wọ́n kúkú fi orúkọ rẹ̀ pe nǹkan: Igbó Ọdẹ́jìnmí ni wọ́n ń pe igbó ẹ̀gún yẹn dòní. Tí ẹ bá rí ẹni tó ń sáré jáde níbẹ̀, tó ní òun ń lé ejò, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ ná. Ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé ejò, a jẹ́ pé ejò ń lé e.