Oògùn Ìrora Tí Bíríkìlà Fi Ṣàlejò

Bíríkìlà jábọ́ lórí àkàbà, itan rẹ̀ kán, wọ́n fi irin tò ó. Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ fún un ní oògùn ìrora tó le, ó sì kìlọ̀ fún un títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Kò pẹ́ rárá tí ọkùnrin náà tún fi ọ̀pá wọlé wá, ó ní oògùn ti tán.

Ọkàn Dókítà ò balẹ̀. Irú oògùn yẹn máa ń di bárakú.

"Ṣé ẹ̀ ń lò ó kọjá bí mo ṣe wí ni?"

"Èmi kẹ̀? Ọjọ́ tí mo gbà á ni mo ti lò ó mọ."

"Ẹsẹ̀ ò wá dùn yín?"

"Ó ń dùn mí wọ eegun. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

"Ta ló wá lo oògùn?"

Bíríkìlà fara ti ọ̀pá, ó ń rò ó. Ó ní àtìgbà tóun ti délé làwọn èèyàn ti ń wá kí òun kú ewu. Kò sí ẹni tó béèrè ẹsẹ̀ òun tí kò fi àìsàn tiẹ̀ kádìí ọ̀rọ̀. Lándílọ́ọ̀dù ní ẹ̀yìn ń dun òun, káfíńtà ní eyín ni.

"Ẹ sì ń fún wọn?"

"Wọ́n fẹsẹ̀ rìn wá, Dókítà. Kí wọ́n wá lọ lọ́wọ́ òfo? Àjọjẹ ò dùn bí ẹnì kan ò bá ní."

"Oúnjẹ ni wọ́n pa òwe yẹn mọ́. Ara tiyín ni mo wọn oògùn yìí fún. Ó lè pa ẹlòmíì sójú oorun."

"Kò tíì pa ẹnì kankan. Lándílọ́ọ̀dù ní òun ò sùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tóun ti kọ́lé."

Dókítà di orí mú. Ó béèrè ẹni tó gbà á gbẹ̀yìn.

"Ìyá ìyàwó mi, láàárọ̀ yìí. Àwọn ló sìn mí wá. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, mo fún wọn ní méjì."

"Ẹ̀yin tí itan yín kán, ẹyọ kan ni mo ní kẹ́ ẹ máa lò!"

"Àna mi ni wọ́n. Ta ló ń fún àna ní ẹyọ kan?"

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Wọ́n ń sùn lórí bẹ́ǹṣì níta. Látìgbà tí wọ́n ti dé ilé wa, òní ni wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́."

"Wọ́n ń mí?"

"Wọ́n ń hanrun. Wọ́n á hanrun, wọ́n á dá a dúró, màá ti rò pé ó parí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀."

Kó tó sọ ọ́ tán, Dókítà ti sáré jáde. Ètè ìyá àgbà ti dúdú. Wọ́n pè é títí, kò dáhùn. Àwọn nọ́ọ̀sì gbé e wọlé, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, Dókítà gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń ká oògùn náà lọ́wọ́ kò. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kúrò lójú Bíríkìlà. Ẹ̀rù bà á, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kú. Màá gba gbogbo ariwo wọn."

Ìyá wúkọ́, ó lajú, ó ní ta ló bọ́ bàtà òun.

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní ìyá ò ní lọlé lónìí, torí oorun náà lè tún padà gbé e. Ó mú kí Bíríkìlà fóònù gbogbo àlejò rẹ̀ níṣojú òun, kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ní oògùn náà lọ́wọ́ dá a padà.

"Màá kọ òmíràn fún yín, díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ máa tọ́jú ẹ̀. Ta ló wà nílé yín tó lè tì í mọ́ àpótí, tí ò ní fún ẹnikẹ́ni, bí wọ́n tiẹ̀ ń sunkún?"

Bíríkìlà wo orí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ ìyá sí, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹnì kan ṣoṣo ló háwọ́ tó bẹ́ẹ̀ nílé wa. Àwọn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí yẹn."