Ọjọ́ Tí Àna Mi Gba Ojú Fèrèsé Jáde

Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ ọjọ́ láyé mi, àmọ́ ọjọ́ kan wà tó kọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi: ọjọ́ tí mo ti bàbá ìyàwó mi gba ojú fèrèsé jáde nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè bẹ̀rẹ̀ báyìí. Èmi náà ti rín tèmi.

Kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira nígbà náà. Akọ̀wé ìjọba ni mí ní Lọ́kọ́ja, ọ̀dọ́mọkùnrin Yàgbà tí kì í jáde láìlọ ṣòkòtò rẹ̀. Mo gba yàrá kan sókè nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nítòsí Ọjà Àtijọ́. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, nítorí náà, bí mo bá dúró lójú fèrèsé tí mò ń wo odò Ọya, ṣe ni mo máa ń rò pé èmi ni gómìnà. Ooru nìkan ló ń dà mí láàmú. Ooru Lọ́kọ́ja kì í ṣe ẹgbẹ́ ooru ibòmíràn, páànù orí mi kò sì ní àjà lábẹ́. Bó bá di ọ̀sán, yàrá á gbóná bí ààrò.

Èmi tí n kò kọ́ṣẹ́ káfíńtà rí bá ra ẹní, mo kàn án mọ́ igi òrùlé láti ògiri dé ògiri. Nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo fi ọ̀dà funfun kùn ún, ọ̀dà tó ń dán gbinrin. Yàrá tutù. Gbogbo ará ilé wá wò ó. Bàbá onílé gan-an ní kí n wá ṣe irú rẹ̀ sí yàrá àwọn. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi.

Àsìkò ọyẹ́ ni bàbá Dúpẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ láti Ìjùmú. Dúpẹ́ ni ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Bàbá rẹ̀, àgbà ìjọ, ga, wọ́n sanra, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n fẹ́ fojú ara wọn rí ẹni tó ń béèrè ọmọ àwọn. Mo ti dá ara mi lójú pé kí wọ́n tó kúrò, àwọn ni yóò máa bẹ̀ mí kí n fẹ́ ẹ. Mo ra sítóófù tuntun, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kí wọ́n lè rí i bí wọ́n bá ti ń wọlé.

"Okun o, Bàbá," mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn bí a ṣe ń kíni nílé wa.

"Okun, ọmọ mi." Bàbá gbójú sókè. "Kí lo fi bo òkè yìí?"

"Ẹní ni, sà. Ọgbọ́n orí mi ni."

"Hùn," ni wọ́n wí, wọ́n sì jókòó.

Mo fẹ́ se oúnjẹ fún wọn, mo rọ kẹrosíìnì sí sítóófù títí ó fi ṣàn sílẹ̀, mo ṣáná sí i. Iná náà ga ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Mo ní kò séwu, mo gbé korobá omi, mo dà á lé e. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ti ń mi orí. Kẹrosíìnì léfòó sórí omi, iná sì bá a rìn káàkiri ilẹ̀ onípákó. Ó gun aṣọ ẹnu ọ̀nà, ó dé ẹní. Bó ṣe fẹnu kan ọ̀dà dídán mi yẹn, ńṣe ló ń sáré bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè.

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà, iná sì ti gbà á. Fèrèsé ló kù. Lábẹ́ rẹ̀ ni àtíbàbà Ìyá Ládì wà, obìnrin Nupe kan tó ń ta ẹja nísàlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ibí."

"Fèrèsé?"

"Òun nìkan ló kù, sà."

Bàbá ki orí bọ̀ ọ́, wọ́n ki èjìká kan, agbádá há. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn ò wá sí Lọ́kọ́ja láti wá rìn níhòòhò. Ni mo bá fi èjìká ti ìdí àna mi pẹ̀lú gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún mi. Agbádá ya, Bàbá lọ. Mo gbọ́ bí àtíbàbà ṣe wó, mo gbọ́ bí abọ́ ṣe dànù, mo sì gbọ́ ohùn Ìyá Ládì: "Bàbá, ṣé ẹja lẹ wá rà ni?"

Èmi náà ti gbé ẹsẹ̀ kan sójú fèrèsé nígbà tí mo rí òrùlé ilé kejì. Koríko ni wọ́n fi bò ó. Èyí tó tẹ̀lé e náà, koríko ni, títí lọ sí etí odò. Ọyẹ́ sì ń fẹ́, bí mo bá lọ, iná á ràn dé ibẹ̀. Mo fa ẹsẹ̀ mi padà. Mo yọ ọ̀pá tí mo fi ta àwọ̀n ẹ̀fọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi já ẹní lulẹ̀, èyí tó ń jó àti èyí tí kò tíì jó, mò ń fi bàtà tẹ̀ ẹ́ pa. Èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí mi. Ìgbà yẹn ni Ìyá Ládì àti àwọn ará ilé gun àtẹ̀gùn dé pẹ̀lú abọ́ ẹja tó kún fún yanrìn. Wọ́n dà á sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n dà á sórí ẹní, wọ́n dà á sórí èmi náà. Iná kú.

Mo bá Bàbá lórí bẹ́ǹṣì nísàlẹ̀, ìpẹ́ ẹja wà ní irùngbọ̀n wọn, wọ́n ń jẹ ẹja díndín tí Ìyá Ládì fún wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku.

"Bàbá, ṣé ẹ ṣì máa jẹ́ kí n fẹ́ Dúpẹ́?"

Wọ́n yọ egungun lẹ́nu. "Mo wá wò ó bóyá o lọ́gbọ́n. N ò tíì rí ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n mo rí ẹsẹ̀ rẹ lójú fèrèsé, mo sì rí i nígbà tó padà wọlé." Wọ́n tún bu ẹja. "Ilé tí ọmọ mi máa gbé, kó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó sì ní ilẹ̀kùn méjì."

Mo fẹ́ Dúpẹ́. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò le: kí èèyàn tó yọ̀ pé ilé òun tutù, kó kọ́kọ́ mọ ohun tí òun gbé sókè orí, kó sì mọ ibi tí òun máa gbà jáde. Bàbá ò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá wá kí wa, wọn kì í tíì dáhùn ìkíni tí wọ́n á ti yí ilé po, tí wọ́n á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wò bóyá ó ń ṣí. Èmi á dúró níwájú ilé bí ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, Dúpẹ́ á fi etí aṣọ bo ẹ̀rín lẹ́nu, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe ju kí n bá a rẹ́rìn-ín.