Ògiri Tí Ọdẹ́yalé Kò Jẹ́ Kó Sinmi

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ògiri pàápàá ń sinmi kó tó ga? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Mo rí i lójú yín. Ọwọ́ yín ń bu oúnjẹ, ojú yín wà lára fèrèsé ọ̀gá, bí ẹni pé ẹ jí ẹran inú ọbẹ̀ yín ni. Ẹ fara balẹ̀ jẹun jàre. Láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń mọlé kiri, mi ò tíì rí ilé kan tó tìtorí pé ọ̀gá ń ṣọ́ wa yára parí. Ẹ sún wọ inú ìbòòji dáadáa, kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín. Ẹni tó bá sì rò pé irọ́ ni mo ń pa, kó lọ bi ògiri.

Ọkùnrin kan wà nígbà kan ní abúlé Òkè-Ìyeyè, Ọdẹ́yalé lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe olè, èèyàn dáadáa ni, àfi ìfura. Bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò kọ́kọ́ ro ohun tí o fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dáhùn. Bí adìyẹ rẹ̀ kò bá yé ẹyin lọ́jọ́ kan, ẹnu aládùúgbò ni yóò máa wò bóyá yóò rí èèpo ẹyin níbẹ̀. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ o, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, iná ọdẹ jó wọ abúlé, ó sì jó ilé Ọdẹ́yalé kanlẹ̀. Òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ bá kó lọ sílé ìyá Àwẹ̀ró. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ilé àna kì í ṣe ibi tí ọkùnrin ti ń na ẹsẹ̀. Gbogbo òjò ọdún yẹn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Ọdẹ́yalé ń sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò adìyẹ, àràárọ̀ ló sì ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí ìyá ìyàwó. Ìyá kì í bú u o. Ìyá ò tiẹ̀ fajú ro. Ohun tó kàn máa ń sọ ni pé, "Ọkọ ọmọ mi, ṣé o sùn dáadáa? Òjò ọdún tó ń bọ̀ ò ní pẹ́ dé o." Ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń gún Ọdẹ́yalé lọ́kàn ju èébú lọ, ó sì búra pé òjò kejì kò ní bá òun lábẹ́ òrùlé yẹn.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe fẹ́ tán, ó bẹ ọ̀wẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ lè má mọ ọ̀wẹ̀. Àdúgbò ni yóò tú jáde wá bá ọ ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tí yóò gbowó, ìwọ náà yóò sì lọ ṣe tiwọn nígbà tó bá kàn wọ́n. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ: tó bá di ọ̀sán, kí o bọ́ wọn yó, kí o sì jẹ́ kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe ìyẹn, kó lọ dá ilé rẹ̀ mọ.

Ọkùnrin méjìlá ló wá. Aṣáájú wọn ni Láògún, àgbà mọlémọlé tó jẹ́ pé inú ògiri tó mọ ni wọ́n bí ìdajì abúlé sí. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n da omi sí i nínú kòtò, wọ́n fẹsẹ̀ tẹ amọ̀ náà títí ó fi kúnná, wọ́n wá ń ṣù ú ní ìṣù ìṣù, wọ́n ń tò ó sórí ara wọn. Nígbà tí ògiri dé orúnkún, Láògún gbọn ọwọ́ nù, ó ní ó tó. Wọ́n kọjá sábẹ́ igi ìyeyè kan tó wà nítòsí kòtò. Wọn ò ní aago. Àmì wọn ni pé bí òjìji igi náà bá ti kan etí kòtò amọ̀, gbogbo wọn á dìde.

Àwẹ̀ró gbé iyán kalẹ̀ fún wọn pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ẹran ìgbẹ́ ń yọjú nínú rẹ̀. Wọ́n jẹ, wọ́n mu omi, wọ́n fọwọ́ nu ẹnu, ni wọ́n bá ń dùbúlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdẹ́yalé ò bá wọn jókòó. Ẹ̀yìn ògiri ló dúró sí, ó ń yọjú wò wọ́n. Ó ní irú èèyàn wo ni yóò jẹ iyán oníyán tán tí yóò wá di ojú? Ó wo òjìji igi, òjìji ò rìn. Láàárọ̀, ṣebí òjìji yìí ló ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, báwo ló ṣe wá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n fẹ́ sùn ló dúró? Ó ní nǹkan ń bẹ níbẹ̀. Ó ní Láògún ti ṣe nǹkan sí igi náà.

Nígbà tí wọ́n lọ sílé nírọ̀lẹ́, Ọdẹ́yalé mú àdá, ó gun igi, ó sì gé ẹ̀ka ńlá tó na ọwọ́ sí apá ibi kòtò bọ́ sílẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé bí ìbòòji bá kéré, oorun náà á kéré. Ọlọ́gbọ́n ni, àbí?

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jẹun tán, wọ́n rí i pé ìbòòji ti dín kù. Wọ́n kàn sún mọ́ra, wọ́n sùn bí ẹja inú apẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí Ọdẹ́yalé gé yẹn ni òjìji igi fi ń tètè kan kòtò. Ọjọ́ yẹn, wọ́n sùn ju ti àná lọ, òjìji ò dé ibi tó yẹ kó dé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Ọdẹ́yalé fi bù kún oorun wọn, kò sì mọ̀. Ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó lọ lóṣòó tì wọ́n, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń hanrun. Ó ní ìhanrun yìí dọ́gba jù, ẹni tó sùn lóòótọ́ kì í hanrun báyìí. Ó bá pariwo ejò. Àwọn méjèèjìlá fò sókè, ọ̀kan tiẹ̀ já sínú kòtò amọ̀. Ó ní ẹ má bínú, ojú òun ló ṣe bàìbàì. Wọ́n tún dùbúlẹ̀. Kò pẹ́, ó tún pariwo ejò. Ìgbà kẹta, ó ní iná ni. Ìgbà tó fi di ẹ̀ẹ̀kẹrin, kò sẹ́ni tó lajú wò ó.

Láògún ló dìde tọ̀ ọ́ lọ, ó mú un lọ́wọ́ lọ sídìí ògiri.

"Ọdẹ́yalé ọmọ mi, kì í ṣe àwa nìkan là ń sinmi. Ògiri náà ń sinmi. Amọ̀ tí a tò láàárọ̀ gbọ́dọ̀ rí oòrùn ọ̀sán kó le díẹ̀, kí ti ìrọ̀lẹ́ tó lè gùn ún lórí."

Ọdẹ́yalé wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Bàbá, ṣé ògiri náà jẹ iyán ni?"

Àgbà tó ti mọ ògiri fún ogójì ọdún mọ ìgbà tí amọ̀ ò tíì ṣe é mọ. Láògún padà lọ dùbúlẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, Ọdẹ́yalé dọ̀bálẹ̀ kí ìyá ìyàwó rẹ̀. Ìyá dá a lóhùn, ó wá fi ẹnu júwe ojú ọ̀run. Ìkùukùu dúdú díẹ̀ ti ń kóra jọ níbẹ̀. Ìyá ní òun náà á yà wá wo ibi tí ilé dé tó bá di ọ̀sán. Ọdẹ́yalé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Bí òjò bá bá ògiri náà láìní òrùlé, amọ̀ ni yóò padà dà, òun náà yóò sì padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò adìyẹ. Ó pinnu pé lónìí, òun á fi han àwọn olóorun yìí pé ọwọ́ ló ń mọlé, kì í ṣe oorun.

Bí wọ́n ṣe jẹun tán tí wọ́n sùn, ó ká ṣòkòtò sókè, òun alára ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìṣù amọ̀ tútù lé orí amọ̀ àárọ̀ tí kò tíì gbẹ, lára ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó tò ó dé ìbàdí. Ó tò ó dé àyà. Ó tò ó kọjá orí ara rẹ̀. Ó bọ́ sẹ́yìn, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ rántí ẹ̀rín yẹn, torí kò tún rẹ́rìn-ín mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ibi tó ti ń wò ó ló ti rí i pé ìdí ògiri ń wú jáde, bí ikùn ẹni tó jẹ àjẹjù. Kí ni Ọdẹ́yalé rò? Ó rò pé ẹnìkan wà lódìkejì tó ń tì í. Ó sáré yí ẹ̀yìn ògiri ká, kò bá ẹnì kankan. Ó padà, ìdí ògiri ti wú sí i. Ó tún yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ, ewúrẹ́ kan ló bá níbẹ̀ tó ń jẹ èèpo iṣu. Ó wo ewúrẹ́ náà, ó wò ó pẹ́, ó lé e. Nígbà tó fi máa padà dé, ògiri ti ń tẹ̀ bọ̀. Ó bá sáré fẹ̀yìn tì í, ó fẹsẹ̀ rinlẹ̀, ó gbé gbogbo ìwúwo ilé náà sẹ́yìn.

Ó wà níbẹ̀. Kò lè lọ, torí bó bá kúrò, ilé lọ. Kò sì fẹ́ pe ẹnikẹ́ni, torí wọ́n á mọ ohun tó ṣe. Òógùn bò ó, ebi ń pa á. Ó ń wo òjìji igi ìyeyè, ó ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn pé kó tètè rìn, kí àwọn èèyàn lè jí fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí ì bá yára kan kòtò, ta ló gé e? Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó ké pé kí wọ́n gba òun, ògiri fẹ́ wó. Ọ̀kan nínú wọn gbé orí sókè. Láògún ò tiẹ̀ lajú.

"Ẹ sùn o jàre. Lánàá ejò ni, lónìí ògiri ni."

Ibi tó ti ń ro ohun tí yóò ṣe ni ìyá ìyàwó rẹ̀ yọ, ó wé gèlè funfun, ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó wá síwájú Ọdẹ́yalé, ó dúró. Ó ń retí. Láti ọjọ́ tí ó ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, Ọdẹ́yalé ò rí i rí kó má dọ̀bálẹ̀. Ọdẹ́yalé rọra mi orí.

"Ẹ káàsán, Ìyá."

Ìyá wò ó tìfura tìfura. Ó bi í pé kí ló dé tó fẹ̀yìn ti ògiri tútù.

"Mò ń sinmi ni, Ìyá."

Ọdẹ́yalé tó ní ọwọ́ ló ń mọlé, kì í ṣe oorun! Ìyá wo àwọn tó ń sùn, ó wo ògiri tó ga, ó wo àna rẹ̀ tó dúró ṣánṣán. Ọ̀rọ̀ náà yé e, tàbí ó rò pé ó yé e. Ó ní, "Ó dáa. Ilé tìẹ ti ga, o ò lè dọ̀bálẹ̀ fún mi mọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe Ọdẹ́yalé ló pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ara rẹ̀ ni. Ara tí wọ́n kọ́ láti kékeré kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àna kó dúró. Orúnkún yẹ̀, àyà kanlẹ̀, ó nà gbalaja síwájú ìyá ìyàwó rẹ̀. Ògiri náà sì dọ̀bálẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ariwo tó dún ló jí àwọn méjìlá. Amọ̀ ti bo Ọdẹ́yalé mọ́lẹ̀, orí rẹ̀ nìkan ló kù níta. Ìyá dúró níbẹ̀, gèlè funfun ti di pupa, amọ̀ ń kán ní imú rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ wú Ọdẹ́yalé jáde bí iṣu, kò fara pa, amọ̀ tútù ò lágbára àtipa èèyàn. Láògún bẹ̀rẹ̀, ó nu ojú rẹ̀ fún un, ó ní, "Ọmọ mi, ògiri pàápàá ń sinmi kó tó ga."

Òjò dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì fọ ìyókù lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọdẹ́yalé ṣe lo òjò kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò adìyẹ. Ìyá kàn pa ìkíni rẹ̀ dà ni. Àràárọ̀ ló ń wí pé, "Ọkọ ọmọ mi, ṣé o sinmi dáadáa?" Àánú rẹ̀ ṣe mí, kí n má purọ́.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn padà dé, ó tún bẹ ọ̀wẹ̀, wọ́n sì dá a lóhùn. Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ́ ẹní sábẹ́ igi. Ẹ má rò pé ìfura ti kúrò lára rẹ̀ o. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dìde kí òjìji tó kan kòtò, Ọdẹ́yalé á dìde tẹ̀ lé e lẹ́yìn, á máa bi í pé kí ló fẹ́ lọ ṣe sí ògiri òun.

Hẹn-ẹn, mo gbọ́ ìró bàtà. Ọ̀gá ti kúrò lójú fèrèsé, ó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tí yóò dìde nínú yín, ẹ jẹ oúnjẹ yín tán. Bó bá bi yín ní ohun tí ẹ ń ṣe, ẹ nawọ́ sí bíríkì tí a tò láàárọ̀, kí ẹ sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé: ògiri pàápàá ń sinmi kó tó ga. Bí kò bá gbà, ẹ ní kó lọ fẹ̀yìn tì í.