Bí Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tẹ́lẹ̀ Ṣe Kó Lọ Sínú Kọ̀ǹpútà Tuntun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ wá ohun tí akọ̀wé ilé-ìwé wa kò mọ̀, torí kò sí i. Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tẹ́lẹ̀ la sọ ọ́. Bí ẹ bá ní ìrù ti hù sí i nídìí, á ní òun ti rí i láti ìjẹta, òun kàn ń wò ó níran ni.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tuntun dé fún un. Ti àtijọ́ ti darúgbó. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ọ̀sán ló ń dáhùn. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ni máàkì ọ̀ọ́dúnrún ọmọ wà, èyí táwọn òbí ń bọ̀ wá gbà lọ́jọ́ Ẹtì. Máàkì ìṣirò tí mo ń kọ́ wọn náà wà níbẹ̀. Ìyá Ìbejì tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òun á wá bá a kó o sínú tuntun.

"Ẹ fẹ́ wá ṣe kí ni? Ìyá Ìbejì, kẹ́ ẹ tó lóyún àwọn ìbejì yẹn ni mo ti ń ṣe irú ẹ̀!"

Baba akọ̀wé ki fláàṣì bọ ti àtijọ́, ó ṣa gbogbo àwòrán kéékèèké tó wà lójú kọ̀ǹpútà sínú ẹ̀, ó dà wọ́n sínú tuntun, ó parí. Kò tán síbẹ̀ o! Ó tún pa gbogbo inú ti àtijọ́ rẹ́ ráúráú. Ló bá ń kiri yàrá àwa olùkọ́ bí ẹni tí ìyàwó ẹ̀ bí ìbẹta.

"Ẹrù ọdún mẹ́jọ, ìṣẹ́jú márùn-ún!"

A kí i kú iṣẹ́. Kí la ò bá ṣe?

Ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, tuntun kò ṣí. Páásíwọ̀ọ̀dù dà? Inú ti àtijọ́ ló kọ ọ́ pamọ́ sí, kó má baà sọnù, kó tó pa á rẹ́. A ránṣẹ́ sí Ìyá Ìbejì, ó bá a ṣí i. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò mọ kọ̀ǹpútà yìí rí.

"Mo mọ̀ pé bó ṣe máa ṣe nìyẹn," ni baba wí, òógùn ń bọ́ lójú ẹ̀.

Ó tẹ "MÁÀKÌ". Kọ̀ǹpútà ní kò sí níbẹ̀.

"Ọ̀nà kan ò wọ fáìlì," ó ní, ó tẹ òmíràn. Kò sí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o. Kọ̀ǹpútà tuntun láṣọ lóòótọ́. Fáìlì ni kò ní.

Màmá, ọ̀gá ilé-ìwé wa, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Akọ̀wé," ni Ìyá Ìbejì wí, "ohun tẹ́ ẹ kó wá yìí kì í ṣe fáìlì. Pátákó tó ń júwe ọ̀nà ilé lásán ni."

"Mo mọ̀. Ilé ọ̀hún wá ńkọ́?"

"Ẹ ti wó o lánàá."

Yéè! Ọlọ́run ló yọ wá pé inú ìwé làwa olùkọ́ kọ́kọ́ ń kọ máàkì sí. Màmá gba gbogbo ìwé wa, ó kó wọn síwájú akọ̀wé pẹ̀lú ọ̀ọ́dúnrún káàdì èsì ìdánwò, ó na bírò kan sí i.

"Ọ̀la làwọn òbí ń bọ̀. Ẹ fọwọ́ kọ ọ́."

"Màmá, mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé..."

"Ẹ kọ́kọ́ tú bírò yẹn wò, Akọ̀wé, bóyá íńkì wà nínú ẹ̀, àbí ìdérí lásán ni."