Yàrá Baálẹ̀ Tó Ń Kéré Sí I

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè? Ẹ jókòó dáadáa. Ẹní ló dá a sílẹ̀.

Baba Láṣebìkan ló mọ ẹní hun jù ní Òkè-Ọ̀pẹ. Baálẹ̀ ní kó hun èyí tí yóò tẹ́ yàrá òun láti ògiri dé ògiri. Baba bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, nítorí ẹnìkan kì í wọ bàtà wọlé Baálẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Ẹsẹ̀ méjìlá. Nílé, kì í bọ́ bàtà ńlá tó jogún lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí pàǹtí ewé ẹní má baà gún un. Ó hun ẹní, ó wọ̀n ọ́n: méjìlá géérégé.

Wọ́n tẹ́ ẹní, ẹní gun ògiri. Baba tún yàrá wọ̀n: méjìlá. Ó gbé ẹní relé, ó tún un wọ̀n: méjìlá. Ó sáré padà sọ́dọ̀ Baálẹ̀.

"Baálẹ̀, ẹ dákun, ẹ kó ẹrù yín jáde. Bí mo bá ti kẹ̀yìn sí yàrá yìí báyìí, ńṣe ló ń kéré sí i."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n gbé ibùsùn òun jáde. Nígbà tí ará ìlú rí i, àwọn náà kó ẹrù wọn sábẹ́ igi máńgòrò. Ọjọ́ kẹta, òjò pa gbogbo wọn, yàrá ẹnikẹ́ni kò sì kéré sí i. Ni wọ́n bá ní orí Láṣebìkan ti dàrú. Wọ́n mú okùn lọ sílé rẹ̀ láti dè é. Òun gan-an ti ń rò ó pé bóyá òótọ́ ni.

Àwẹ̀ró, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, wà lórí ẹní tó ń fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n.

"Baba, ogún ni ẹní yìí fún mi. Dérìn ẹ̀gbọ́n mi ní méjìdínlógún, a sì ti jà sí i. Ìgbà tí ẹ sùn tí mo wá wọ bàtà yín, ó di méjìlá, bíi tiyín gẹ́lẹ́. Ṣé ẹsẹ̀ mi tó tiyín ni?"

Gbogbo ojú wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ Baba. Baba bọ́ ọ, ó rọra wọn ẹní: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀.

Okùn tí wọ́n fẹ́ fi dè é ni wọ́n fi wọn yàrá. Baálẹ̀ ti sáré gbé ibùsùn rẹ̀ wọlé, kí ẹnìkan má baà rántí ẹni tó kọ́kọ́ gbé e jáde. Òun náà ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́, tó mójú kúrò lára àwọn èèyàn: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.