Ẹ̀rọ Tó Ń Yẹ Epo Wò ní Ẹnu Ọ̀wá

Ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀ fún Alhaja Afusat, ẹlẹ́po bẹntiróòlù Ẹnu Ọ̀wá. Ọkọ̀ Jimoh ọlọ́kọ̀ ojú omi kú sáàárín ọ̀sà lánàá, Jimoh sì ni oníbàárà gidi kan ṣoṣo tó kù sí i lọ́wọ́. Ó ní bí omi bá fi lè wà nínú epo yẹn, ó dìgbóṣe. Ni Muqtadir, ọmọ àbúrò Alhaja tó wà ní yunifásítì, bá gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan dé.

"Alhaja, ẹ wo àwọn òrùka bàbà ara rẹ̀. Ìgbì maikirowéfù ló ń gba ibẹ̀ kọjá."

"Maikirowéfù kẹ̀? Èyí tí Bilqis ìyàwó ọmọ mi fi ń mú ìrẹsì àná gbóná? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹntiróòlù! A kì í fi iná sórí òrùlé sùn o!"

Alhaja ti sáré bọ́ síta.

"Kò níná, Alhaja. Kò lè mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ pàápàá. Ó kàn ń gbọ́ bí epo ṣe ń dá ìgbì lóhùn ni. Ohùn omi yàtọ̀ sí ti epo."

"Ó dáa. Kó má parọ́ mọ́ mi ṣá."

Muqtadir bu epo lójú kẹ́ẹ̀gì, ó kán an sórí ẹ̀rọ, ó wo èsì rẹ̀ lórí fóònù.

"Ó mọ́!"

"Alhamdulillah! Pe Jimoh!"

"Ẹ ní sùúrù. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń sá sí."

Ó ti róbà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ìdí kẹ́ẹ̀gì, ó fa díẹ̀ jáde. Fóònù han gooro.

"Yéè! Alhaja, omi rèé!"

"Irọ́ ni! Mo fi Kùránì búra, n kò da omi kankan sí i!"

"Kí lẹ wá dà sí i?"

Alhaja wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ọjà ò tà. Alfa wá kọ Yáásínì sára wàláà, ó fọ̀ ọ́ di hántù sínú abọ́, ó ní kí n máa fi wọ́n ọjà mi. Aláṣọ ń wọ́n tiẹ̀ sára aṣọ. Èmi ẹlẹ́po ńkọ́? Mo bá rọra ń dà á sí i. Kẹ́ẹ̀gì kan, abọ́ kan."

"Alhaja! Omi nìyẹn!"

"Hántù nìyẹn! Gbogbo ìwé tẹ́ ẹ kà, ẹ̀rọ yín ò mọ hántù yàtọ̀ sí omi?"

"Kí ni kí n wá sọ fún Jimoh báyìí?"

"Ṣé ọkọ̀ ẹ̀ rì?"

"Kò rì."

"Ta ló wá gbé e dé èbúté?"

"Ó ní ìgbì ló kàn rọra ń tì í bọ̀."

Alhaja tún gèlè rẹ̀ wé, ó na ọwọ́.

"Gbé fóònù yẹn wá, kí n pe Jimoh fúnra mi. Epo àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbé èèyàn lọ sójú omi. Tèmi nìkan ló ń gbé wọn bọ̀!"