Orúkọ Bàbá Sékúlà

Mo lè gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n rán mi lọ pe Fadá wá láti Ìlọra kò ní kúrò lọ́kàn mi.

Ogun Bìáfírà ti parí nígbà náà, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe tíṣà ní Fìdítì. Ọmọ Aládùúrà ni mí láti Awẹ́. Iṣẹ́ ló sọ mí di ará Àgùdà. Ìjọ náà ti pín sí méjì torí Mísà tí wọ́n yí sí Yorùbá. Àwọn àgbà díẹ̀ ní Látìn làwọn ó máa fi gbàdúrà títí ikú. Wọ́n ń pe àwa akọrin ní Ẹlẹ́pàtẹ́wọ́. Onílé mi, káfíńtà olójú kan, ni olórí wọn. Bàbá Sékúlà làwọn akọrin ń pè wọ́n. Mo rò pé orúkọ ìsàmì ni, bíi Sílà tàbí Tímótì.

Àìsàn dá bàbá dùbúlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ wọn obìnrin sáré wá bá mi. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, bàbá fẹ́ kí Fadá fi òróró ìkẹyìn yàn wọ́n kí wọ́n tó kú. Fadá àgbà tó wà ní Ìlọra ni wọ́n ń béèrè, èyí tó ṣì ń fi Látìn gbàdúrà."

Mọ́tò tí mo wọ̀ taku lọ́nà, a tì í títí. Ẹrẹ̀ ti dé orúnkún mi kí n tó dé ilé Fadá.

"Fadá, Bàbá Sékúlà ń kú lọ!"

Ojú Fadá yí padà. "Ẹ̀yin Ẹlẹ́pàtẹ́wọ́! Ẹ fi àdúrà wa ṣe yẹ̀yẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò tó yín, ẹ tún gbé e wá sílé mi?" Wọ́n pa ilẹ̀kùn dé mọ́ mi lójú.

Kúùkù wọn ló là mí lọ́yẹ̀: "sékúlà sékúlórù" ni wọ́n fi ń parí àdúrà Látìn, àwọn akọrin ló sọ ọ́ di èébú. Mo bá ń gbá ilẹ̀kùn.

"Fadá, káfíńtà olójú kan ni!"

"Ráfáẹ́lì?"

"N kò mọ̀, sà. Onílé mi ni."

"Ò ń gbélé wọn, o ò mọ orúkọ wọn?"

Nígbà tí èmi àti Fadá fi dé Fìdítì, ọmọ bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti tú gèlè. "Wọ́n retí yín títí, Fadá. Wọ́n ti lọ." Ó wò mí, ó lọ bu omi wá kí n fi ṣan ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ mi. Ì bá sàn kó gbá mi létí.

Níbi ìsìnkú, Fadá dárúkọ Ráfáẹ́lì. Àwọn akọrin ń wo ara wọn. Ìyá kan sọ̀rọ̀ sí mi létí: "Ta tún ni Ráfáẹ́lì? Ṣé òkú méjì la fẹ́ sin ni?" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, omijé sì ń dà lójú mi. Gbogbo èrò yíjú sí mi.

Láti ọjọ́ náà, orúkọ tí ìyá ènìyàn sọ ọ́ ni mo kọ́kọ́ ń béèrè. Àwọn mìíràn ń rò pé ọlọ́pàá ni mí. Mo kàn máa ń rẹ́rìn-ín tó ní ẹkún díẹ̀ nínú ni.